Kọ̀ǹpútà mi kò tàn: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ní Òṣogbo, àti ìdáhùn wọn

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ní, kò jìnnà sí Ọláìyá. Láti Òkè-Báálẹ̀ dé Alékúwodò, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá, mo sì ti dáhùn wọn títí ẹnu fi ń ro mí. Mo kọ wọ́n síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ń dàmú àwa oníṣẹ́ gan-an. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tó ń lo Windows ni mò ń bá wí. Ti láptọ́ọ̀pù yàtọ̀.

Kí ni ẹ ń pè ní "kò tàn"? Ṣé ọ̀kan náà kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ni?

Ọ̀kan náà kọ́ o. Ibi tó dé kó tó dúró ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹnìkan á ní kò tàn: kò sí ìró, fáànù ò yí, iná pẹ́ńpẹ́ iwájú rẹ̀ ò ṣẹ́jú. Ọ̀ràn iná nìyẹn. Ẹlòmíì á ní kò tàn: fáànù ń yí fààfàà, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ dúdú bí aró. RAM (pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), wáyà mọ́nítọ̀ tàbí bọ́ọ̀dù (pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ so mọ́) la máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹnì kẹta náà á ní kò tàn, bẹ́ẹ̀ Windows ti yọjú, àmì róbótó ń yí láti àárọ̀, kò sì wọlé. Ìyẹn ti tàn ní tirẹ̀. Dísíìkì, níbi tí Windows àti fáìlì yín wà, tàbí Windows fúnra rẹ̀ ló ń bá fà á.

Tí ẹ bá pè mí, ẹ má kàn sọ pé "kò tàn" kí ẹ dákẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ gbọ́. Tí ọ̀rọ̀ kankan bá hàn lójú rẹ̀, ẹ fi fóònù ya á, kí ẹ fi ránṣẹ́. Àwọn kan ti gbé àpótí wá láti Òkè-Báálẹ̀ lórí ọ̀kadà, nígbà tó jẹ́ pé àwòrán kan ṣoṣo ni mo nílò.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí náà: àpótí tí gbogbo ìlú ń pè ní CPU, kì í ṣe òun ni CPU. CPU gan-an ni ẹ̀yà kékeré tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, inú àpótí náà ló wà, lábẹ́ fáànù. Mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn. Àpótí ni màá máa pè é.

Mo tẹ bọ́tìnnì, kò sí nǹkan kan. Ibo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri, kí ẹ máa bọ̀ wá sẹ́yìn àpótí. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n, kí ẹ fi í sára sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tààrà, torí ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tó ti jóná nínú ló ń ba púpọ̀ lórúkọ jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí wáyà ti wọ inú àpótí. Súwíìṣì kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tó ní àmì I àti O. I ni títàn, O ni pípa. Ẹni tó gbálẹ̀ ló máa ń fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ pa á, kò sì ní mọ̀.

Wáyà tó ń gbé iná wọ mọ́nítọ̀ àti èyí tó ń gbé e wọ àpótí sábà máa ń jẹ́ irú kan náà. Ẹ pààrọ̀ wọn síra. Tí àpótí bá tàn, tí mọ́nítọ̀ wá kú, wáyà ló bàjẹ́. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wa yìí náà ní fíúsì nínú, ẹ tú u wò. Kí ẹ má sì fi ìṣó tàbí bébà inú páálí sìgá dípò fíúsì tó jó. Mo ti rí méjèèjì.

Ẹ má fi ṣájà fóònù dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò kí ẹ wá ní iná dára. Ṣájà fóònù lè ṣiṣẹ́ láti 100 fóòtì (volt, òṣùwọ̀n agbára iná) títí dé 240. Ó ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iná wà ni, kò sọ bó ṣe pọ̀ tó.

Iná wà, ṣùgbọ́n háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni. Ṣé ìyẹn lè ní kí ó má tàn?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. 230 fóòtì ló yẹ kí iná ilé jẹ́ ní Nàìjíríà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lọ aṣọ, tó já sí 140, tí gílóòbù wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ojú ẹni tí ò sùn, power pack mìíràn (àpótí irin kékeré inú kọ̀ǹpútà tó ń gba iná wọlé, tó ń pín in fún àwọn ẹ̀yà yòókù) á kọ̀ jálẹ̀. Òmíì á gbà, kọ̀ǹpútà á tàn, á wá kú nígbà tí Windows bá ń wọlé, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti pọ̀ fún un. Sítébíláísà ló ń gbé irú iná bẹ́ẹ̀ sókè. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó rà á: iye fóòtì tó kéré jù tó lè gbé sókè. Tí tiyín bá ń wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, òun náà á kàn máa pariwo ni.

Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé burú ju iná tó kéré lọ. Kí àwọn ọmọdé tó parí igbe "Up NEPA", á ti fò sókè, á ti balẹ̀, á tún fò. Tí iná bá lọ, ẹ pa súwíìṣì ara ògiri. Tó bá dé, ẹ fún un ní bíi ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí òjò bá sì ṣú tí ààrá ń sán, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì pátápátá, kí ẹ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí sítébíláísà tó ń dá ààrá dúró.

Tókúnbọ̀ ni mo rà. Bí mo ṣe fi í sí iná, ó dún "pòó!", kò tún tàn mọ́.

Ẹ wo ẹ̀yìn power pack rẹ̀. Lára àwọn tó ti pẹ́, súwíìṣì pupa kékeré kan wà tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Iná Amẹ́ríkà kò ju bíi 120 fóòtì lọ, nítorí náà àpótí tó ti ọ̀hún wá lè wà lórí 115. Ẹ wá fún un ní ìlọ́po méjì ohun tó ń retí. Ó dájú pé á dún. Lọ́pọ̀ ìgbà, power pack nìkan ló ń kú, bọ́ọ̀dù àti dísíìkì á yè é, nítorí náà ẹ má tíì máa sunkún.

Èyí tí wọ́n kọ 100–240 sí lára, tí kò ní súwíìṣì pupa, ń yan fóòtì fúnra rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù ìyẹn.

Wáyà dára, fíúsì dára, iná pé. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá power pack ló kú?

Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtàn mọ́lẹ̀ fún bíi ọgbọ̀n sẹ́kọ́ńdì, kí ẹ padà fi í sí iná. Nígbà míì, iná tó ṣẹ́kù nínú ló há a lọ́fun. Bí mo ṣe ń ṣe èyí níwájú oníbàárà tí kọ̀ǹpútà sì tàn, ojú ń tì mí láti gbowó.

Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ṣí àpótí. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ní iná kékeré kan tó máa ń tàn níwọ̀n ìgbà tí púlọ́ọ̀gì bá ti wà lára ògiri, bí ẹ ò tilẹ̀ tíì tẹ bọ́tìnnì. Tó bá ń tàn, power pack ò tíì kú tán. Tó bá ṣókùnkùn, ẹ fura sí power pack. Oníṣẹ́ á yọ orí ńlá rẹ̀ oníhò 24 kúrò lára bọ́ọ̀dù, á fi wáyà kékeré so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ ọ̀kan nínú àwọn dúdú. Tí fáànù power pack bá yí, ó ní ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n níní ẹ̀mí kì í ṣe ìlera. Ó yẹ kí wáyà aláwọ̀ ìyeyè gbé nǹkan bí 12 fóòtì, kó má lọ sísàlẹ̀ 11.4, kó má kọjá 12.6. Ti pupa jẹ́ 5 fóòtì, láàárín 4.75 àti 5.25. Èyí tí fáànù rẹ̀ ń yí tó wá ń gbé 10.8, kò lè tan kọ̀ǹpútà.

Ìkìlọ̀ méjì. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń ṣe power pack tiwọn lọ́tọ̀, tí orí rẹ̀ àti àwọ̀ wáyà rẹ̀ kò bá ti gbogbogbòò mu. Ẹ má fi ìlànà aláwọ̀ ewé yìí gbá a mú. Èkejì: ẹ má tú inú power pack fúnra rẹ̀. Kápásítọ̀ inú rẹ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́, lè gbé ju 300 fóòtì lọ, ó sì lè pa á mọ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Wọ́n kàn ń pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Ṣé bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ lè bàjẹ́?

Ó ń bàjẹ́, pàápàá ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà níbi tí ọwọ́ ogún ti ń tẹ̀ ẹ́ lójúmọ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló ń ti ìdí rẹ̀ lọ sára bọ́ọ̀dù. Ẹ yọ orí wọn, kí ẹ fi ẹnu screwdriver kan irin kékeré méjì tó wà níbẹ̀ pọ̀ fún sẹ́kọ́ńdì kan. Tí kọ̀ǹpútà bá tàn, bọ́tìnnì ni. Àwọn kan ti sọ bọ́tìnnì agogo ẹnu ọ̀nà di bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Fáànù ń yí, iná ń tàn, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ dúdú. Ṣé bọ́ọ̀dù ti jóná?

Ẹ má tíì pe bọ́ọ̀dù lókùú. Ẹ wo mọ́nítọ̀ ná. Tó bá kọ "No Signal", ara rẹ̀ yá, kò rí nǹkan gbà ni. Ẹ wo ẹ̀yìn àpótí: tí ojú ihò mọ́nítọ̀ bá wà níbi méjì, ọ̀kan lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kíbọ́ọ̀dù, èkejì nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi káàdì àwòrán sí, ti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ lò. Níwọ̀n ìgbà tí káàdì bá ti wà níbẹ̀, ti òkè sábà máa ń dákẹ́. Mo ti rí ẹni tó ti ra mọ́nítọ̀ tuntun lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ Num Lock lórí kíbọ́ọ̀dù. Tí iná rẹ̀ bá ń tàn tó sì ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ń ronú nínú òkùnkùn níbẹ̀, ẹ wá ọ̀ràn sí mọ́nítọ̀ àti wáyà rẹ̀. Tí kò bá dáhùn, ẹ lọ sórí RAM.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fọ RAM?

Èyí ni iṣẹ́ tó ti jí kọ̀ǹpútà jù ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí kí iná ara yín lè lọ. RAM ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó nàró bí ìyarun, tí ìdè wà lórí àti ìdí rẹ̀. Ẹ tẹ ìdè náà sísàlẹ̀, á fò sókè fúnra rẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀ ìsàlẹ̀: eyín wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ tò síbẹ̀ lọ́pọ̀. Tí wọ́n bá ti ṣú bí òrùka tí wọ́n pa tì, ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Írésà funfun tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò ni kí ẹ mú. Ẹ fi í ra eyín náà lójú kan, láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ má fi í rin gbọ̀ọ̀rọ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ra ìyẹn náà. Ẹ máa rí i tí wúrà náà ń padà tàn. Ẹ gbọn èérún írésà dànù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá inú ihò rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dá a padà, ẹ wo gbẹ̀gbẹ́ kékeré tó wà láàárín eyín rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá gbẹ̀gbẹ́ inú ihò mu. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ìdè méjèèjì á fi dún "kà". Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù láti tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi í sílẹ̀ láàbọ̀, wọ́n á wá ní fífọ̀ kò ṣiṣẹ́.

Tí RAM bá jẹ́ méjì, ẹ fi ọ̀kan ṣoṣo síbẹ̀ kí ẹ tàn án, lẹ́yìn náà èkejì. Ẹ ó mọ èyí tó ń ṣàìsàn. RAM ìran DDR3 kì í wọ ihò ìran DDR4 o, bí ẹ tilẹ̀ fi òòlù gbá a.

Ó ń dún "píìpù, píìpù". Kí ni itumọ̀ rẹ̀?

Kọ̀ǹpútà ń sọ ibi tó ń dùn ún ni. Ẹ ka iye ìgbà tó dún, kí ẹ wo èyí tó gùn àti èyí tó kúrú. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àlàyé tirẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé "mẹ́ta ni RAM" láìbèèrè orúkọ kọ̀ǹpútà yín, àfọ̀ṣẹ ló ń sọ. Lára HP púpọ̀, iná pupa bọ́tìnnì á máa ṣẹ́jú pẹ̀lú ìró náà. Lára Dell mìíràn, iná kékeré tí wọ́n kọ 1 sí 4 sí ló ń tàn níwájú. Ẹ wá àlàyé rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára àpótí.

Ó ń tàn fún bíi sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá, ó sì ń kú.

Ooru ló sábà máa ń fà á. Irin ńlá tó gbé fáànù lé CPU lórí gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, òróró funfun tàbí aláwọ̀ eérú kan sì máa ń wà láàárín wọn tó ń gbé ooru kọjá. Tí òróró náà bá ti gbẹ di eruku, tàbí tí ìdè irin náà bá já, CPU á gbóná ní kíá, kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀ kó má bàa jó. Ìwà ọmọlúàbí ni. Eruku ọyẹ́ náà ń ṣe tirẹ̀: ó ń di fáànù bí òwú.

Ọdún kan, ẹnìkan gbé àpótí wá tí kò ju sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta lọ kó tó kú. Mo ṣí i. Ọmọ́ńlé kan ti kú sínú rẹ̀, ó gbẹ gbáú, ìrù rẹ̀ há sáàárín abẹ́ fáànù CPU, ara rẹ̀ tẹ́ lé orí bọ́ọ̀dù. Mo fi ẹ̀mú yọ ọ́, mo fi sípírítì nu ibi tó dùbúlẹ̀ sí, mo jẹ́ kó gbẹ. Ó tàn. Ìdí tó fi wọlé ni pé àpótí náà ti pàdánù irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kan. Ẹ dí irú ihò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ wo àwọn kápásítọ̀ orí bọ́ọ̀dù, àwọn tó rí bí agolo kékeré. Orí wọn yẹ kó tẹ́jú. Èyí tó wú bí ikùn ọmọ tó yó, tàbí tó ń sun omi aláwọ̀ ilẹ̀, ti bàjẹ́. Bọ́ọ̀dù ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 sí nǹkan bí 2007 ló ní àìsàn yìí jù, torí kápásítọ̀ tí kò dára gba ayé kan nígbà náà. Tó bá jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá ti di mẹ́jọ, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ojoojúmọ́ ló ń ní kí n tẹ F1, déètì rẹ̀ sì ti padà sẹ́yìn lọ́dún púpọ̀.

Bátìrì pẹlẹbẹ orí bọ́ọ̀dù ti kú. CR2032 ni orúkọ rẹ̀, fóòtì 3. Kò wọ́n, ẹ lè rí i rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe. Ojú tó ní àmì + ni kó kọjú sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé) kí ẹ tún déètì ṣe. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà á ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ò ní ṣí, torí ìwé ẹ̀rí wọn ò bá déètì yín mu. Ní àsìkò ìforúkọsílẹ̀ JAMB, ìyẹn nìkan tó láti ba ọjọ́ jẹ́.

Mo pààrọ̀ bátìrì yẹn, Windows ò wá wọlé mọ́. Ojú rẹ̀ di búlúù, ó kọ INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fọ́máàtì lásán (tí wọ́n ń pa gbogbo inú dísíìkì rẹ́ kí wọ́n tún gbé Windows sí i) rèé, inú sì máa ń bí mi sí i. Windows yín ò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí bátìrì kú tàbí tí ẹ yọ ọ́, BIOS gbàgbé gbogbo ètò rẹ̀, ó sì padà sí èyí tí wọ́n fi kọ́kọ́ ṣe é. Ọ̀kan nínú ètò náà ni bó ṣe ń bá dísíìkì sọ̀rọ̀: AHCI, IDE tàbí RAID. Tí wọ́n bá fi AHCI gbé Windows sí i, tí BIOS wá lọ sórí RAID, Windows á kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, kò ní rí ẹni ṣí i.

Ẹ wọ BIOS: F2 lára Dell, F10 lára HP, Del lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù mìíràn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SATA Operation tàbí SATA Mode. Ẹ kọ èyí tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, ẹ yí i sí èkejì, ẹ pa á mọ́, ẹ tún tàn án. Lára Dell púpọ̀, RAID On ló máa ń padà sí, AHCI sì ni àwa oníṣẹ́ sábà máa ń lò nígbà tí a bá ń gbé Windows sí i. Tí kò bá rí dísíìkì rárá, ẹ wo Boot Mode pẹ̀lú: ó lè ti kúrò lórí UEFI (ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń tan Windows) sí Legacy (ti àtijọ́), tàbí kó jẹ́ òdìkejì.

Ó kọ "No bootable device" tàbí "Boot device not found".

Ṣé fláàṣì wà lára rẹ̀? Ẹ yọ ọ́, ẹ tún tàn án. Mi ò ṣàwàdà. Kọ̀ǹpútà mìíràn máa ń lọ wá Windows lórí fláàṣì kó tó wo dísíìkì tirẹ̀.

Tí kì í bá ṣe fláàṣì, ẹ wọ BIOS kí ẹ wò ó bóyá orúkọ dísíìkì hàn. Tí kò bá hàn, ẹ ṣí àpótí, ẹ yọ wáyà SATA pẹlẹbẹ (èyí tó so dísíìkì mọ́ bọ́ọ̀dù) àti wáyà iná dísíìkì, ẹ padà tì wọ́n wọlé, tàbí kí ẹ lo ihò SATA mìíràn. Ẹ tẹ́tí sí dísíìkì náà. Tó bá ń dún "kẹ́, kẹ́, kẹ́" bí ẹni ń fi èékánná kan tábìlì, orí tó ń kà á ti ń kú. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ń tàn án "láti wò ó bóyá", ẹ ń ba fáìlì yín jẹ́ sí i.

Ó ń dé orí Windows, á yí, á yí, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tí Windows 10 tàbí 11 bá kùnà láti wọlé lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léra, á gbé ojú ewé àtúnṣe wá fúnra rẹ̀. Tí kò bá gbé e wá, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ kó kú bí àmì Windows bá ṣe ń yọjú, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. F8 tí ẹ mọ̀ látijọ́ ò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ayé Windows 8, àyàfi tí ẹnìkan bá dá a padà. Ẹ yan Troubleshoot, lẹ́yìn náà Advanced options. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú Startup Repair. Tí kò bá ṣe é, ẹ lọ sí Startup Settings, ẹ tún un tàn, kí ẹ tẹ 4 fún Safe Mode, níbi tí Windows ti ń wọlé pẹ̀lú ohun tó pọn dandan nìkan.

Tó bá wọlé ní Safe Mode, ẹ rántí ohun tí ẹ gbé sórí rẹ̀ kẹ́yìn, kí ẹ yọ ọ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi jẹ́ tiyín. Ní 19 oṣù keje 2024, fáìlì kan ṣoṣo tí CrowdStrike, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan, fi ránṣẹ́ sí ohun èlò ààbò wọn ló gbé nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà ṣubú káàkiri ayé. Safe Mode yìí kan náà ni wọ́n wọ̀ láti pa fáìlì náà rẹ́.

Ó ń béèrè nọ́ńbà gígùn kan, ó ní BitLocker.

Nọ́ńbà onídíjíìtì 48 ni. BitLocker ló ń ti dísíìkì pa kí olè má bàa ka inú rẹ̀, ó sì lè jí lẹ́yìn tí wọ́n bá yí ètò BIOS padà. Ẹ fi fóònù wọ account.microsoft.com pẹ̀lú ímeèlì tí ẹ fi ṣí Windows náà, ẹ wo abẹ́ orúkọ kọ̀ǹpútà yín. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó o. Kò sí oníṣẹ́ tó lè fọ́ ọ. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín lórí ìyẹn, fọ́máàtì ló fẹ́ ṣe.

Oníṣẹ́ mi ní kí n jẹ́ kí òun fọ́máàtì rẹ̀. Ṣé kí n gbà?

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fọ́máàtì kò tún RAM ṣe, kò tún power pack ṣe, kò pààrọ̀ dísíìkì tó ń kú. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan: "Kí lẹ rí tó jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Windows ni?" Tí kò bá rí ìdáhùn, ẹ gbé àpótí yín.

Tó bá tilẹ̀ pọn dandan, fáìlì yín ni kó kọ́kọ́ jáde. Windows tí kò wọlé kò ní kí fáìlì sọnù. Wọ́n á yọ dísíìkì náà, wọ́n á fi wáyà SATA sí USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ó sì rí fọ́lídà yín níbẹ̀ bí ẹ ṣe tò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN kan jókòó sí bẹ́ǹṣì mi nígbà kan, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó gbé ìwé àṣekágbá rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún un níbòmíì pé ó ti lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fi kó o. Kò tíì sí ẹni tó fi ọwọ́ kan dísíìkì náà rárá.

Jẹnẹrétọ̀, ínfátà, UPS: èwo ló dára fún un?

Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mo bẹ̀rù jù. Bí epo rẹ̀ bá fẹ́ tán, ó ń mí sókè mí sódò, iná rẹ̀ sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ pa kọ̀ǹpútà kí epo tó tán. Ínfátà dára, ṣùgbọ́n olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò lọ geere kì í bá power pack tuntun mìíràn rẹ́: á máa kùn, tàbí kó kú. UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀ tí iná bá lọ, kì í ṣe fún ṣíṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó wà kí ẹ lè pa fáìlì mọ́ kí ẹ sì pa kọ̀ǹpútà ní wọ́ọ́rọ́. Bátìrì inú rẹ̀ ń kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. UPS tó bá ń pa kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀ tí iná bá lọ, bátìrì rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀.

Tí mo bá fọwọ́ kan àpótí, ó ń ta mí lọ́wọ́ bí èèrà.

Ilé yín ò ní ẹ́ẹ̀tì, tàbí púlọ́ọ̀gì yín ti pàdánù ẹsẹ̀ òkè rẹ̀. Ohun kan wà nínú power pack tó ń da ìdọ̀tí iná sára irin àpótí, ẹ́ẹ̀tì ló sì yẹ kó gbé e lọ sínú ilẹ̀. Níbi tí kò ti sí ọ̀nà, ara yín ló ń gbà. Iná náà kéré, ṣùgbọ́n ó lè ba USB àti bọ́ọ̀dù jẹ́, tí power pack bá sì bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, kò ní kéré mọ́. Ẹ pe oníná kó ri ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Kíkó rọ́bà sẹ́sẹ̀ kì í ṣe àtúnṣe.

Wọ́n ní Windows 10 ti parí. Ṣé ìdí nìyẹn tí tèmi ò fi tàn?

Rárá. Ní 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún un dúró, ìyẹn ni pé kò rí àtúnṣe ààbò gbà bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò pa kọ̀ǹpútà kankan. Tókúnbọ̀ tó ti pẹ́ lè má gba Windows 11, torí ó ń béèrè TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan tí àwọn tó ti pẹ́ lè má ní, ọ̀rọ̀ mìíràn sì nìyẹn.

Láàárọ̀, mo gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó tàn. Tó bá ti tàn, kò ní wàhálà kankan títí di alẹ́.

Èyí ló ń tan èèyàn jẹ jù, torí bí ẹ bá gbé e dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, á tàn lẹ́ẹ̀kan, oníṣẹ́ á ní kò ṣe é. Kápásítọ̀ inú power pack ti ń gbó. Tó bá tutù, kò lè di iná mú tó. Tó bá gbóná díẹ̀, ó ń rọ́nà ṣe é. Tí ọyẹ́ bá mú, ẹ ó rí i pé ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Ẹ fi power pack ẹlòmíì tó dára dán an wò ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí kọ̀ǹpútà ti sùn mọ́jú. Tó bá tàn lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti mọ ẹni tó jalè.

Tó bá ṣì kọ̀ pẹ̀lú power pack tó dára, kápásítọ̀ orí bọ́ọ̀dù ló ti ń gbó. Ẹ kó fáìlì yín jáde lọ́sẹ̀ yìí, ní ọ̀sán tó ń tàn. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá gbé e wá, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi di ọjọ́ kejì: àárọ̀ ni mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.